Bí mo ṣe gbé Windows mi kúrò lórí SATA bọ́ sórí VirtIO

Mo ní Windows 10 kan nínú VM (kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà gidi) lórí Linux, KVM àti virt-manager, àwọn ètò tí wọ́n fi ń gbé VM ró, ni mo fi ń ṣe é. Orí SATA, ọ̀nà tí dísìkì ń gbà so mọ́ kọ̀ǹpútà, ni dísìkì ẹ̀ wà látìbẹ̀rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ tó bá ń kọ fáìlì ńlá ńṣe ló ń wọ́ bí ìgbín. Kò sí ẹ̀rọ SATA kankan níbẹ̀ lóòótọ́, QEMU, ètò tó ń bá KVM ṣiṣẹ́, ló ń díbọ́n ẹ̀ fún Windows, ìdíbọ́n yẹn ló ń jẹ agbára. VirtIO, ọ̀nà ìsopọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún VM, ò ní irú ìyẹn, àmọ́ Windows kì í ní dráífà ẹ̀ (ètò tó máa jẹ́ kó mọ̀ ọ́n lò) nínú, àfi kéèyàn fi sí i.

Ni mo bá dáńlóòdù ISO virtio-win (fáìlì tó dà bíi CD, àwọn dráífà VirtIO ló wà nínú ẹ̀), mo fi sínú CD-ROM VM náà, mo ṣí virtio-win-guest-tools.exe, ó parí wẹ́rẹ́. Mo pa VM, mo yí dísìkì sí VirtIO, mo tàn án, ojú ẹ̀ di búlúù: INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE. Àyà mi já torí iṣẹ́ wà lórí ẹ̀ tí mi ò tíì ṣe backup. Mo sáré dá a padà sí SATA, ó dìde, nǹkan kan ò sọnù, ọpẹ́ ni.

Ohun tó fà á ni pé dráífà ti wà nílẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ Windows ò tíì fojú kan dísìkì VirtIO rí, kò wá kà á mọ́ àwọn dráífà tó máa kọ́kọ́ jí tó bá ń dìde.

Mo wá fi dísìkì kejì kún un, òfìfo, 1 GB péré, òun ni mo fi sí VirtIO, mo fi ti Windows sílẹ̀ lórí SATA. Mo tàn án, mo wo Device Manager, níbi tí Windows ń to àwọn ẹ̀rọ ẹ̀ sí, Red Hat VirtIO SCSI controller ti wà lábẹ́ Storage controllers, kò sí àmì yẹ́lò lára ẹ̀. Ẹ má fo ibí yìí o, ẹ jọ̀ọ́. Tí yẹ́lò bá wà níbẹ̀, ẹ tẹ Update driver kẹ́ẹ tọ́ka sí fódà viostor (dráífà dísìkì VirtIO), w10, amd64 lórí ISO yẹn. Mo di Shift mú kí n tó tẹ Shut down kó lè kú pátápátá, mo yọ dísìkì kékeré, mo yí ti Windows sí VirtIO, ó dìde láìjanpata, fáìlì ńlá ò tún pẹ́ mọ́!

Mo yí káàdì nẹ́tíwọ̀kì náà sí virtio lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn ò fa wàhálà, àfi pé Windows kà á sí káàdì tuntun, mo ní láti tún IP tí mo ti fọwọ́ kọ tẹ́lẹ̀ kọ sí i.