Bosnia lẹ́yìn ogun: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa àwọn ìlú iléeṣẹ́ rẹ̀

Tí wọ́n bá ní kí ènìyàn kọ̀wé nípa ọrọ̀ ajé Bosnia-Herzegovina, Sarajevo ló máa ń kọ́kọ́ sáré lọ. Olú ìlú ni, òun náà sì ni gbogbo ayé mọ̀ nítorí bí wọ́n ṣe dó tì í láti 1992 títí di 1996. Ẹ má dúró síbẹ̀. Zenica jẹ́ ìlú iṣẹ́ irin. Tuzla ní iyọ̀, èédú àti iléeṣẹ́ ńlá tó ń pèsè iná mànàmáná. Banja Luka ni ìjọba Republika Srpska, ọ̀kan nínú apá méjì tí orílẹ̀-èdè náà pín sí, fìdí kalẹ̀ sí.

Àṣìṣe tó burú jù lójú tèmi ni kí a máa di gbogbo ẹrù lé ogun lórí. Ẹ wo Mostar. Ogun bà á jẹ́ gan-an. Oṣù Kọkànlá 1993 ni afárá àtijọ́ ibẹ̀ wó sínú odò. Síbẹ̀, Aluminij, iléeṣẹ́ tó ń ṣe alumíníọ̀mù níbẹ̀, padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ogun, ó sì ń ta ọjà rẹ̀ sí òkè òkun. Iná mànàmáná ni irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ bí oúnjẹ, gbèsè iná náà ló sì pa á. Oṣù Keje 2019 ni wọ́n já iná rẹ̀, tí nǹkan bí 900 òṣìṣẹ́ sì dẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ìbọn ti dákẹ́ fún ohun tó lé ní ogún ọdún nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ Tuzla náà ò yàtọ̀. Dita, tó ń ṣe ọṣẹ ìfọṣọ, la ogun já. Ẹ̀yìn tí wọ́n tà á fún aládàáni ni gbèsè mù ún dé ọrùn. Nígbà tó di oṣù Kejì 2014, àwọn òṣìṣẹ́ Dita àtàwọn iléeṣẹ́ mìíràn tí wọ́n tà bẹ́ẹ̀ tú síta nítorí owó oṣù tí wọn ò rí gbà. Kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta, ilé ìjọba ti ń jó ní Tuzla àti Sarajevo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ìyẹn ní ìjà ẹ̀yà. Ní 2015, àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló tún mú Dita bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní ti Zenica, ẹ má kọ ọ́ pé iléeṣẹ́ ti jí, nítorí náà ìlú ti jí. Kí ogun tó dé, ó lé ní 20,000 ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ irin níbẹ̀. Mittal, iléeṣẹ́ irin ńlá láti òkè òkun, gba iléeṣẹ́ náà ní 2004, ìléru ńlá rẹ̀ sì tún gbiná ní 2008, àmọ́ iye òṣìṣẹ́ yẹn ò padà mọ́. Èéfín rẹ̀ nìkan ni kò dín lójú àwọn ará ìlú!

Àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí nínú àdéhùn àlàáfíà 1995 tún máa ń tan ènìyàn. Federation, apá kejì orílẹ̀-èdè náà, ni Zenica wà, bẹ́ẹ̀ Ljubija, lẹ́bàá Prijedor ní Republika Srpska, ni wọ́n ti wa òkúta irin fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí ọ̀rọ̀ bá wá kan òfin àti ìwé àṣẹ, ẹ má béèrè ohun tí "ìjọba" wí láìsọ èyí tó jẹ́: Federation nìkan ní ẹkùn mẹ́wàá, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìjọba tirẹ̀, agbègbè Brčko sì dá dúró.

Ẹ má fo àwọn ìlú kéékèèké náà. Tešanj ò tóbi, àmọ́ àwọn aládàáni tó ń ṣe ẹ̀yà ara mọ́tò pọ̀ níbẹ̀.

Ó ku ìṣirò. 1998 ni owó mark wọn jáde, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ dínárì ayé Yugoslavia, orílẹ̀-èdè tí Bosnia wà nínú rẹ̀ kí ogun tó dé. Iye ènìyàn náà ti yí padà: nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.4 ni wọ́n kà ní 1991, ó di nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.5 ní 2013. Ẹni tó bá fi iye ti 1991 pín ohun tí wọ́n ń ṣe lónìí, orílẹ̀-èdè tí kò sí mọ́ ló ń ṣírò.