Bí mo ṣe wọn epo tí Corolla àgbà mi ń mu lójú títì márosẹ̀

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023 ni àwọn èèyàn ti ń bá ara wọn jiyàn nílé mẹkáníìkì mi. Àwọn kan ní bí èèyàn bá sáré, á tètè dé, epo á sì ṣẹ́kù. Àwọn kan ní irọ́ ni. Mo ní kí n fi Corolla 2003 mi dán an wò láti Ìbàdàn dé Berger, àlọ àti àbọ̀.

Mọ́tò tó ti dàgbà, ara rẹ̀ lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹni tó lò ó ṣáájú mi ti jẹ́ kí wọ́n yọ tẹ̀mósítáàtì rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń dá omi tútù dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó, sọnù, kó má baà máa gbóná jù. Àṣà àwọn mẹkáníìkì wa nìyẹn, inú mi kì í sì í dùn sí i rárá: bí ẹ́ńjìnnì kò bá gbóná tó bó ṣe yẹ, ńṣe ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ á máa rò pé òwúrọ̀ kùtùkùtù ṣì ni, á sì máa tú epo ní àtúdànù. Mo ra òmíràn, wọ́n dè é. Mo fẹ́ táyà dáadáa. Bọ́tìnì kan sì wà lára ọ̀pá jíà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò: bí iná “O/D OFF” bá ń tàn, jíà kẹrin kò ní wọlé. Ní 60 máìlì ní wákàtí kan, abẹ́rẹ́ rpm mi, tó ń sọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ti ń sún mọ́ 3,500. Bí mo ṣe tẹ bọ́tìnì yẹn, ó sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 2,500. Ẹni tí iná yìí bá ń tàn fún, kó má tíì wá bi mí léèrè eré.

Ìwọ̀n gan-an kò le. Mo rọ táǹkì kún kí n tó lọ, mo sì tún rọ ọ́ kún nígbà tí mo dé; iye tó wọlé padà ni mọ́tò mu. Ilé epo kan náà, pọ́ǹpù kan náà. Bó bá ti gé fúnra rẹ̀, kí ọmọ ilé epo má ṣe rọ ọ́ kún mọ́. Àárọ̀ kùtù ni mo ń gbéra, mi ò tan ẹ̀rọ amúlétutù, mo sì yẹra fún Jímọ̀ àkọ́kọ́ inú oṣù nítorí èrò ìjọ Redeem. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni mọ́tò yìí, máìlì ló ń kà: 50 jẹ́ kìlómítà 80, 60 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 97. Mi ò kọjá ibẹ̀, kìlómítà 100 ni òfin fún mọ́tò aládàáni.

Ní 50, lítà 14 àti díẹ̀ ló wọlé padà. Ní 60, ó lé ní 16.

Afẹ́fẹ́ ló fà á. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti mọ́tò sẹ́yìn á di ìlọ́po mẹ́rin. Kódà láti 50 sí 60, ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún ló fi ń lé sí i. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dá epo dúró fún Amẹ́ríkà lọ́dún 1973, òfin pé kí ẹnikẹ́ni má sá ju 55 máìlì lọ ni wọ́n gbé jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kí epo lè ṣẹ́kù.

Ṣùgbọ́n 50 lójú títì yẹn, ìyà ni. Tírélà ń fọn fèrè lẹ́yìn, dáńfó ń ṣẹ́ná síni, mo sì pẹ́ ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ní báyìí, 55 ni mo ń lò, apá ọ̀tún ni mo sì ń gbà; ẹni tó bá ń kánjú, kó gba apá òsì kọjá.