Ẹ má fi kíkéré fáìlì nìkan yan sọ́fítíwíà tẹ́ ẹ máa fi dín DVD yín kù

Ọ̀pọ̀ ilé ló ní DVD tí wọn ò lè rí irú ẹ̀ rà lọ́jà mọ́, fídíò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n, ìsìnkú ìyá àgbà, ìkómọ, àtàwọn fíìmù Yorùbá tí marketer tó gbé wọn jáde ti kógbá sílé tipẹ́. Àwọn díìsìkì yẹn ń bàjẹ́ lọ ní tiwọn, pàápàá èyí tí ẹni tó ya fídíò kọ sórí DVD-R, torí àwọ̀ kan tó wà nínú díìsìkì yẹn ni wọ́n fi iná lésà kọ nǹkan sí, ooru àti oòrùn sì máa ń jẹ àwọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà kéèyàn ṣe kóòpì dáa gan-an. Ohun tó ń dùn mí ni pé ibi tí wọ́n ti ń ṣe kóòpì yẹn náà ni wọ́n ti ń ba nǹkan jẹ́. Wọ́n á dáńlóòdù sọ́fítíwíà mẹ́ta, wọ́n á wo èyí tó sọ 8GB di 700MB, wọ́n á ní èyí ló dáa jù, wọ́n á wá kó díìsìkì dànù. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí sọ́fítíwíà bá ti yọ kúrò nínú àwòrán, kò sí sọ́fítíwíà míì láyé tó lè dá a padà. Ohun tó yọ ló yẹ kẹ́ ẹ máa fi wé ara wọn, kẹ́ ẹ tó wo bí fáìlì ṣe kéré tó.

Àṣìṣe tó kọ́kọ́ máa ń ṣẹlẹ̀ ni fífi nǹkan tí kì í ṣe ẹgbẹ́ wé ara wọn. DVD tó ní ìpele kan gba 4.7GB, èyí tó ní ìpele méjì gba 8.5GB, MPEG-2, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀, sì ni fídíò inú wọn sábà máa ń jẹ́. DVD Shrink, tí version ẹ̀ tó kẹ́yìn jáde ní 2004, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún gan-an ni kó mú fíìmù tó wà lórí díìsìkì 8.5GB, kó dín in kù kó lè wọ díìsìkì 4.7GB. MPEG-2 ló bá, MPEG-2 ló fi í sílẹ̀ sí, menu wà níbẹ̀, chapter wà níbẹ̀, ẹ sì lè kọ ọ́ sórí díìsìkì òfìfo kó máa ṣiṣẹ́ nínú DVD player tó wà ní pálọ̀. HandBrake ò rí bẹ́ẹ̀ o. Ńṣe ló máa ń tú àwòrán palẹ̀ pátápátá, táá sì tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú H.264 tàbí H.265 tàbí AV1, àwọn ọ̀nà ìfúnpọ̀ tó tuntun ju MPEG-2 lọ, inú fáìlì MP4 tàbí MKV ló máa ń kó o sí, menu ti lọ nìyẹn. MakeMKV ní tiẹ̀ ò dín nǹkan kan kù rárá, ó kàn máa kó fídíò àti ohùn bí wọ́n ṣe wà lórí díìsìkì sínú fáìlì MKV ni. Tẹ́nì kan bá wá sọ fún yín pé HandBrake dáa ju MakeMKV torí pé fáìlì tiẹ̀ kéré, kò tíì mọ iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì ń ṣe nìyẹn. Tó bá jẹ́ Mọ́mì ló fẹ́ máa wò ó, tí wọ́n ti mọ́ menu lójú, tí wọ́n fẹ́ fi rìmóòtù tẹ Part 2, MP4 ò lè ṣe ìyẹn fún wọn. Tó bá sì jẹ́ orí fóònù lẹ fẹ́ máa wò ó, fódà VIDEO_TS tí VOB, ìyẹn àwọn fáìlì fídíò orí DVD, kún inú ẹ̀ ò wúlò fún yín.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò bi ara wọn ni bóyá ó tiẹ̀ yẹ kí wọ́n dín in kù. Nígbà tí DVD Shrink jáde, díìsìkì òfìfo oníìpele méjì wọ́n gan-an, hard disk sì kéré, ó pọn dandan nígbà yẹn. Lónìí, hard disk 1TB máa gba DVD 8.5GB tó lé ní 110, láìdín ẹyọ kan kù. Tó bá jẹ́ ogún DVD ìdílé lẹ ní, kí lẹ fẹ́ máa dín kù fún? Ẹ kọ́kọ́ ṣe kóòpì odindi, yálà ISO (fáìlì kan tó jẹ́ odindi díìsìkì) tàbí MKV, ẹ tọ́jú ẹ̀. Inú kóòpì odindi yẹn lẹ ti máa wá ṣe èyí tó kéré, tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé lórí WhatsApp tàbí tẹ́ ẹ máa gbé sórí fóònù. Tí èyí tó kéré bá bàjẹ́, kò sí wàhálà, ẹ̀ẹ́ tún òmíì ṣe. Èmi ò rí ìdí kankan tí fídíò ìsìnkú ìyá àgbà fi máa wà láyé ní 400MB nìkan.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lo DVD Shrink torí pé díìsìkì ló fẹ́ kọ, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé á gbé odindi díìsìkì sí i, á tẹ Backup, ó parí. Sọ́fítíwíà yẹn á wá máa fún gbogbo ẹ̀ pọ̀, títí kan ìpolówó fíìmù míì, títí kan ohùn Faransé àti Sípéènì tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nínú ilé, fíìmù gan-an tẹ́ ẹ fẹ́ wò lá sì san gbèsè ẹ̀. Ẹ lọ sí Re-author, ẹ fa fíìmù nìkan wá (menu ò ní sí níbẹ̀ mọ́ o), ẹ yọ ohùn tẹ́ ò nílò. Ẹ máa wo nọ́ńbà percent tó ń gbé jáde, ìyẹn ìwọ̀n tó máa kù nínú fídíò tó bá fún un pọ̀ tán: nígbà míì tẹ́ ẹ bá ti yọ àwọn nǹkan wọ̀nyẹn, ó máa di 100%, ìyẹn ni pé kò ní fọwọ́ kan àwòrán rárá. Tó bá wà ní 85 tàbí 90, ojú lè má rí ìyàtọ̀ rárá. Tó bá ti ń lọ sí 60, ẹ gbé e sórí díìsìkì méjì tàbí kẹ́ ẹ ra oníìpele méjì, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó tẹ̀ síwájú. Kẹ́ ẹ sì tẹ Deep Analysis, ó máa pẹ́, àmọ́ ó máa jẹ́ kó mọ ibi tó le nínú fíìmù náà kó má lọ máa gé gbogbo ibi bákan náà.

Àwọn díìsìkì ogún fíìmù lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà ńkọ́? Ẹ má dín ìyẹn kù rárá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: tó bá jẹ́ díìsìkì 4.7GB, tí fíìmù kọ̀ọ̀kan jẹ́ wákàtí kan ààbọ̀, ọgbọ̀n wákàtí ni gbogbo ẹ̀, ohun tó kan ìṣẹ́jú àáyá kan ò tó 400 kilobit, àwòrán àti ohùn lápapọ̀. DVD gidi sì lè lọ dé 9.8 megabit fún àwòrán nìkan. Wọ́n ti fún ìyẹn pọ̀ dé egungun kó tó délé yín. Tẹ́ ẹ bá tún gbé e sínú HandBrake, igun mẹ́rin mẹ́rin tó ti wà lójú òṣèré nísinsìnyí ni sọ́fítíwíà máa rò pé ó jẹ́ àwòrán, á máa fi agbára tọ́jú ìyẹn, á sì tún fi tiẹ̀ kún un. Ẹ kàn kó fáìlì náà bó ṣe wà. VCD náà nìyẹn, 352 sí 288 péré ni àwòrán ẹ̀, MPEG-1 sì ni, fífẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ̀ ẹ́ sí 1080p ò ní mú ojú ẹnikẹ́ni hàn ju bó ṣe wà lọ, fáìlì ló kàn máa tóbi.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọ̀pọ̀ fídíò òde àríyá tí wọ́n yà pẹ̀lú kámẹ́rà àtijọ́ jẹ́ interlaced. Ìyẹn ni pé fírémù kọ̀ọ̀kan, nínú fírémù 25 tó wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdajì méjì tí wọ́n yà ní àkókò tó yàtọ̀ síra ni wọ́n wé mọ́ra, ìlà kan fún tibí, ìlà kan fún tọ̀hún. Lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kò sẹ́ni tó mọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ dá fídíò dúró níbi tí onígángan ti gbé kọ̀ǹgọ́ sókè: ẹ̀ẹ́ rí i pé kọ̀ǹgọ́ ti di méjì, etí ẹ̀ sì gún bí eyín ìyarun. Tẹ́ ẹ bá wá dín in kù bẹ́ẹ̀ láìtan Deinterlace, eyín yẹn máa wọ inú fáìlì tuntun, kò sì ní kúrò mọ́, pàápàá tẹ́ ẹ bá tún dín gíga àwòrán kù, torí ìlà méjèèjì máa dàrú mọ́ra. Nínú HandBrake, ẹ lọ sí Filters, ẹ tan Interlace Detection pẹ̀lú Decomb, ìyẹn máa ń fọwọ́ kan fírémù tó ní ìṣòro nìkan. Tí ijó bá pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ yan Bob, kí ìdajì méjèèjì di fírémù tiẹ̀, ẹ̀ẹ́ rí 50 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ijó á sì máa lọ geere bó ṣe lọ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan máa ń sọ pé sọ́fítíwíà kan ò dáa torí pé "àwòrán ẹ̀ ń gé", nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan ni wọ́n tan filter sí, èkejì ni wọn ò tan.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà RF náà, èyí tẹ́ ẹ fi ń sọ fún HandBrake bí àwòrán ṣe máa dáa tó, ń dààmú èèyàn. Nọ́ńbà yẹn, tó bá kéré, àwòrán ló dáa, tó bá pọ̀, àwòrán ló burú. Fún DVD, àwọn tó ń ṣe HandBrake fúnra wọn ní ká wà láàárín 18 sí 22. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé èèyàn á fi x264, tó ń kọ H.264, sí 20, á fi x265, tó ń kọ H.265, náà sí 20, á tún fi NVENC, tí káàdì Nvidia fi ń kọ fídíò, sí 20, á wá ní òun ti fi wọ́n wé ara wọn bó ṣe yẹ. Rárá, 20 ti ọ̀kan kì í ṣe 20 ti èkejì. NVENC yára púpọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fún àwòrán tó dáa bákan náà, fáìlì tiẹ̀ sábà máa ń tóbi ju ti x264 tó rọra ṣe é. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wé wọn lóòótọ́, ẹ mú ìṣẹ́jú méjì péré nínú fíìmù, kí ìṣẹ́jú kan jẹ́ ibi tó ṣókùnkùn, kí èkejì jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sá tàbí tí wọ́n ń jó, kẹ́ ẹ rí i pé fáìlì méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà, kẹ́ ẹ wá gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ńlá. Orí fóònù, gbogbo ẹ̀ ló máa dáa lójú yín. Ẹ wo ara ògiri tí ìmọ́lẹ̀ ò pọ̀ lára ẹ̀, ṣé ó ti di igun igun? Ẹ wo léèsì lára àwọn ìyá tó jókòó lẹ́yìn, ṣé ẹ ṣì ń rí ihò ihò inú ẹ̀, àbí ó ti di aṣọ funfun kan báyìí? Ẹ wo ojú àwọn tó wà lọ́nà jíjìn. Ibẹ̀ ni sọ́fítíwíà ti kọ́kọ́ máa ń jalè.

Subtitle. Subtitle orí DVD, àwòrán ni, kì í ṣe lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀. MKV lè gbé mẹ́rin márùn-ún pọ̀ kẹ́ ẹ máa tàn án kẹ́ ẹ máa pa á, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yan MP4 nínú HandBrake, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣí MP4 ò ní gbé irú subtitle yẹn jáde, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ sì máa lè lẹ̀ mọ́ àwòrán títí ayé. Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tiwọn lára àwòrán tẹ́lẹ̀, ìyẹn ò ní bọ́. Fíìmù Íńdíà àti ti Ṣáínà ló máa ń kó èèyàn sí wàhálà, torí lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí díìsìkì ti lọ ni wọ́n ń rí i pé àwọn ò gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ.

Iná ńkọ́? Tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́ tẹ́ ò ní inverter, MP4 tí ò tíì parí kì í ṣí rárá, torí ìparí ni wọ́n sábà máa ń kọ atọ́ka inú ẹ̀. MKV sábà máa ń ṣí dé ibi tó dé. Ẹ tún rántí pé flash tí wọ́n fọ́ọ̀màtì sí FAT32 ò ní gba fáìlì tó bá tó 4GB, kì í ṣe ẹ̀bi sọ́fítíwíà kankan, ẹ yí i sí exFAT tí tẹlifíṣọ̀n yín bá gbà á.

Ọ̀fẹ́ ni DVD Shrink, ọ̀fẹ́ ni HandBrake. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó kẹ́ ẹ tó dáńlóòdù wọn, olè ni, ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn ibi tó ń fi orúkọ DVD Shrink pín fáírọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, region, ìyẹn nọ́ńbà agbègbè tí wọ́n ṣe DVD fún, ṣe pàtàkì: Amẹ́ríkà jẹ́ 1, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 2, Nàìjíríà jẹ́ 5, ọ̀pọ̀ DVD drive inú kọ̀ǹpútà ò sì jẹ́ kéèyàn yí i ju ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ, lẹ́yìn ìyẹn ó ti tì síbi tó bá wà nígbà yẹn. Tí kọ̀ǹpútà bá bi yín bóyá kó yí i, ẹ má máa tẹ Yes kiri torí ẹ fẹ́ dán díìsìkì kan wò. Òfin náà wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ dá 321 Studios lẹ́kun lọ́dún 2004 nítorí sọ́fítíwíà tó ń ṣí títì orí DVD, ilé iṣẹ́ náà sì kógbá sílé lọ́dún yẹn gan-an. Ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fàyè gba kóòpì fún lílo ara ẹni ní 2014, ilé ẹjọ́ fagi lé e ní 2015. Fídíò ìdílé yín ò ní irú wàhálà yẹn, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbájú mọ́.

Kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti parí, ẹ fi VLC, sọ́fítíwíà tó ń gbé fídíò jáde, ṣí fáìlì, ẹ wo gígùn ẹ̀ bóyá ó bá ti díìsìkì mu, ẹ fò lọ sí àárín, níbi tí díìsìkì oníìpele méjì ti máa ń yí ìpele, ẹ wo ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn pàápàá tó bá jẹ́ oníìpele kan tó kún, torí ìparí ẹ̀ máa ń wà nítòsí etí ìta díìsìkì, ibi tí ìfarapa máa ń pọ̀ sí. Ẹ tẹ́tí sí i bóyá ohùn àti ẹnu ń lọ pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe kóòpì odindi kejì sórí hard disk míì tí kò sí nínú ilé kan náà, kẹ́ ẹ sì dá díìsìkì padà sínú páálí ẹ̀, lórí ìdúró, níbi tí oòrùn ò lè tàn dé.