Owó tí mo ná kí òkúta Mazon Creek tó là

Owó ìfiránṣẹ́ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo ra àwọn òkúta Mazon Creek náà, tí òkú ẹran àti ewé ayé àtijọ́ máa ń wà nínú wọn, síbẹ̀ ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni ìwé pélébé tí ẹni tó tà á fún mi fi sínú páálí: "Ẹ fi òòlù lù ú, á là." Mo ṣe bó ṣe wí. Èyí tó dára jù nínú wọn, tó gùn gbọọrọ tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, fọ́ gba inú ẹran tó wà nínú rẹ̀ kọjá. Orí lọ sápá kan, ìrù lọ sápá kejì, àárín di ìyẹ̀fun. Ohun tí ilẹ̀ pa mọ́ fún ohun tó lé ní mílíọ̀nù 300 ọdún, ìmọ̀ràn burúkú bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà!

Ìpínlẹ̀ Illinois, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Chicago, ni Mazon Creek wà. Àwọn tó wa èédú níbẹ̀ ló hú òkúta wọ̀nyí jáde. Egungun àti ìkarahun ló sábà máa ń di fọ́sìlì, ìyẹn ohun alààyè àtijọ́ tí àmì rẹ̀ kù sínú òkúta. Ẹran rírọ̀ a ti jẹrà tán kó tó di nǹkan kan. Ti ibẹ̀ yàtọ̀. Láyé ìgbà náà, odò ń gbé ẹrẹ̀ wá sí etí òkun tó wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ yẹn sì ń bo ẹran àti ewé mọ́lẹ̀ wéré. Bí bakitéríà ṣe ń jẹ òkú náà ni gáàsì carbon dioxide ń jáde, ó sì ń dà pọ̀ mọ́ irin inú omi ẹrẹ̀, ó di siderite, ìyẹn òkúta onírin, ó gan yí òkú náà ká. Ìjẹrà tó yẹ kó pa á rẹ́ gan-an ló dáàbò bò ó.

Ibi tí òkú náà tẹ́ sí ni òkúta ti máa ń rọ̀ díẹ̀. Bí omi bá ráyè wọ ibẹ̀, tó sì di yìnyín, á wú, á sì ti òkúta náà sọ́tọ̀ láti inú wá. Òòlù ò mọ ọ̀nà yẹn.

Fífọ̀ àwọn òkúta tó kù kò ṣòro. Fírísà ló dá mi dúró. Houston ni mò ń gbé, òtútù ìta ibí kò lè ṣiṣẹ́ yẹn. Mo rẹ wọ́n, mo kó wọn sí fírísà, mo yọ wọ́n kí yìnyín yọ́, mo tún dá wọn padà. Kò sí èyí tó là. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tólú, níbo la fẹ́ kó ẹran sí báyìí?" Abọ́ ike kan ti sán. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ dànù.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ti ṣa òkúta yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà mí: kí n jẹ́ kí wọ́n mu omi pẹ́ dáadáa kí wọ́n tó wọ fírísà, kí n má sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ kí n tó tún dá wọn padà sí fírísà. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi òòlù kékeré kan ọ̀kan jẹ́jẹ́ létí, ó là bí obì.

Ọ̀pọ̀ ló ṣófo. Ọ̀kan ní ewé fern, iṣan rẹ̀ hàn ketekete. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Essexella, ẹran òkun rírọ̀ kan: ó rí roboto, ó dán lápá kan, apá kejì sì hun jọ, àwọ̀ rẹ̀ fúyẹ́ ju ti òkúta pípọ́n tó yí i ká lọ. Jellyfish, ẹran rírọ̀ tó ń léfòó nínú òkun, ni wọ́n ń pè é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2023, onímọ̀ fọ́sìlì Roy Plotnick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dojú rẹ̀ dé: anemone ni, ẹran òkun rírọ̀ tó ń dúró sójú kan nílẹ̀ òkun, ibi tí wọ́n pè ní orí ni ẹsẹ̀ tó fi ń rì mọ́ ilẹ̀. Ẹran tí kò ní egungun rárá, mo dì í mú lọ́wọ́ mi! Tullimonstrum, ẹran òkun àtijọ́ kan tí ìrísí rẹ̀ ṣàjèjì, tí Illinois sọ di fọ́sìlì ìpínlẹ̀ wọn ní 1989, ni mo ń wá gan-an, n kò rí i.

Bí ẹ bá sún mọ́ Illinois, ẹ gba ìwé àṣẹ, kí ẹ lọ ṣà á fúnra yín ní Mazonia-Braidwood, ilẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Ẹ má ju ìdajì kankan nù, torí àmì tó hàn lára ọ̀kan lè máà hàn lára ìkejì. Ẹ di méjèèjì pọ̀, kí ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i síwèé sínú rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi kò kọ ọ́, n kò sì lè sọ èwo nínú àwọn òkìtì tí àwọn awa-èédú dà sílẹ̀ ni Essexella mi ti wá.