Àṣìṣe Tó Ń Ba Idán Apá Yíyí Jẹ́

Onídán kúnlẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí po bí ìdérí ìgò. Egungun ń dún pàkà, èrò ń ké "Yéè!" Bẹ́ẹ̀, apá kankan ò yí po. Kí àtẹ́lẹwọ́ tó kan ilẹ̀ rárá ni onídán ti yí apá sínú dé òpin lábẹ́ aṣọ. Ohun tí èrò ń wò bíi yíyí, títú ló ń tú.

Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ọ ní Adó-Èkìtì níbí ti ń ṣìnà nìyẹn. Wọn á gbọ́wọ́ kalẹ̀ lásán, wọn á wá máa fi agbára lọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, apá kì í ṣe okùn. Egungun méjì tó wà láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́ ló ń gun ara wọn tí ọwọ́ fi ń yí, ìyẹn ò sì ju nǹkan bí ìlàjì àyíká lọ. Èjìká ló ń fi ìyókù kún un. Níbi tó bá ti ń ro yín, ẹ dúró. Tó bá ku díẹ̀ kó pé àyíká kan, ẹ tẹ èjìká síwájú, kí ẹ sì rọra sún ìdí. Ojú èrò ò ní kúrò lára ìka yín.

Ẹ má wọ búbá ṣe é. Apá búbá fẹ̀. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, á sún sókè, ìgúnpá á yọ, àṣírí á sì tú. Kóòtù tó fi díẹ̀ tóbi jù yín lọ ló dáa. Àsìkò ọyẹ́ ni mo fẹ́ràn jù, torí kò sẹ́ni tó ń bi èèyàn pé kí ló dé tó wọ kóòtù.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n pagbo yí yín ká. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn ti rí bí ẹ ṣe yí apá kalẹ̀. Ẹ kẹ́yìn sí ògiri.

Ní ti ìró egungun, ife oníke fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ẹ ó fi há abíyá kejì, kí ẹ máa rọra fún un. Ó tó kó dún lẹ́ẹ̀mejì péré, nígbà tí ọwọ́ bá ti ń yí, kì í ṣe kó tó yí.

Èyí tó ká mi lára jù rèé. Níbi ìkómọ kan ní Ìdó-Èkìtì, bí mo ṣe parí báyìí, ọmọ kan tí kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ ti di àbúrò rẹ̀ lápá mú lẹ́yìnkùlé, ó ń lọ́ ọ. Igbe ọmọ náà ni yèyé wọn gbọ́ tó fi sáré dé ibẹ̀. Látìgbà náà, mi ò jẹ́ pe idán yìí ní oògùn, mi ò sì ń dìde lórí ìkúnlẹ̀ kí n má sọ fáwọn ọmọdé pé ojú ni mo fi tàn wọ́n, pé apá èèyàn kì í yí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má dán an wò lára ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ tún un ṣe, ẹ má ṣe é. Lẹ́ẹ̀kejì, ìgúnpá ni wọn ó máa ṣọ́.

Ẹ rántí ife abíyá náà. Kó má baà já bọ́ níbi tí ẹ ti ń dọ̀bálẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà, ẹ má fi í sí ìparí. Bí wọ́n bá sì ń náwó fún yín, apá tó yí yẹn ni kí ẹ fi gbà á.