Bí mo ṣe la kíndìnrín ẹlẹ́dẹ̀ láti tọpa ọ̀nà ìtọ̀

Kíndìnrín ẹlẹ́dẹ̀ ni mo lò. Ti àgùntàn ni ọ̀pọ̀ máa ń mú, kò sì burú, àmọ́ inú rẹ̀ ò jọ ti ènìyàn tó bẹ́ẹ̀: orí àwọn òkìtì tó wà nínú rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan gbọọrọ. Ti ẹlẹ́dẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bíi ti ènìyàn, tó sábà máa ń jẹ́ 8 sí 18. Ti màlúù ní tirẹ̀, láti òde ló ti pín sí kókó kókó, ó lè da olùbẹ̀rẹ̀ lójú rú.

Ọ̀dọ̀ alápatà ni iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́. Alápatà a ha ọ̀rá dànù, a sì gé àwọn iṣan kúrò ní gẹ́rẹ́, torí ẹni tó fẹ́ sè é ò nílò wọn. Mo ní kó fi ọ̀rá náà sílẹ̀, kó sì jẹ́ kí iṣan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Èyí tó bá ti dì, inú fìríìjì ni kó ti yọ́ mọ́jú. Omi gbígbóná á mú kó rọ̀ jù, ọbẹ ò sì ní gé e dáadáa mọ́.

Ohun èlò ò pọ̀: ọbẹ gígùn tó mú, àlùmọ́gàjí kékeré, ẹ̀mú, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ ò mú, síríńjì mílílítà 10 tí a ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀, okùn òwú, awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, ìbọ̀wọ́ rọ́bà.

Ìka ni mo fi yọ ọ̀rá, kì í ṣe ọbẹ, nítorí inú ọ̀rá yẹn gan-an ni iṣan ìtọ̀ sá pamọ́ sí. Lábẹ́ ọ̀rá ni awọ fẹ́lẹ́ kan tó ń dán wà. Mo fi ẹ̀mú gbé etí rẹ̀, mo fà á, ó sì bó láìfa ẹran ya. Bí awọ yìí bá lẹ̀ típẹ́típẹ́ tó ń ya ẹran mọ́ra, ó ṣeé ṣe kí àpá àìsàn ti wà níbẹ̀.

Ibi tí mo lo àkókò jù nìyí: ibi tó tẹ̀ wọnú, níbi tí iṣan mẹ́ta ti wọlé. Ẹ má fi àwọ̀ dá wọn mọ̀, nítorí nínú ẹran tó ti kú, gbogbo wọn ló funfun ràkọ̀ràkọ̀. Ìka ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n. Èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé ní ògiri nínípọn, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀ róbótó. Èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde fẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì ti wó pọ̀. Ẹ̀kẹta, ureter, ìyẹn iṣan ìtọ̀ tó ń gbé ìtọ̀ lọ sí ilé ìtọ̀, le díẹ̀, ihò rẹ̀ há, ó sì kọjú sísàlẹ̀.

Láti rí i dájú, mo fi òwú so ẹnu síríńjì mọ́ ureter, mo sì rọra ti mílílítà 5 omi aláwọ̀ búlúù wọlé. Àárín kíndìnrín wú díẹ̀, omi náà padà síta bí mo ṣe tú okùn, kò sì sí búlúù kankan lẹ́nu iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ má tì í tipátipá o. Bí agbára bá pọ̀ jù, àwọ̀ á já wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ ó sì rò pé ọ̀nà méjèèjì so pọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó là á. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, mo sì fa ọbẹ láti ẹ̀yìn tó yọ síta lọ síbi tó tẹ̀ wọnú, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo dúró nígbà tó ku sẹ̀ǹtímítà kan, ó sì ṣí bí ìwé. Ẹni tó bá ń fi ọbẹ rẹ́ ẹ lọ rẹ́ ẹ bọ̀ á rí ojú jákujàku. Bí ọbẹ bá yà kúrò láàárín, kò ní kan àpò ìtọ̀ inú rẹ̀ rárá.

Apá òde, cortex, pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Awò fi àwọn àmì pupa kéékèèké hàn níbẹ̀: ibẹ̀ ni a ti ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Apá inú, medulla, ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sún jọ sí ṣóńṣó òkìtì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá tí ojú ò lè rí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni àwọn ìlà wọ̀nyẹn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan nephron, ìyẹn ẹyọ kéékèèké tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ló wà nínú kíndìnrín ènìyàn kan. Kíndìnrín méjèèjì pọ̀ ń sẹ́ nǹkan bíi mílílítà 125 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn lítà 180 lóòjọ́, síbẹ̀ lítà 1 sí 2 péré ló ń di ìtọ̀. Ìyókù ni ara ń gbà padà, inú àwọn ọ̀pá tó wà ní apá òde, cortex, ni wọ́n sì ti ń gba ọ̀pọ̀ rẹ̀.

Mo ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ láti ṣóńṣó òkìtì kan wọnú ife funfun tó gbà á, ó bọ́ sínú àpò tó dà bí àrọ, ó sì yọ lẹ́nu ureter. Lára ènìyàn, ureter gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30. Iṣan ara rẹ̀ ń fún ìtọ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi ń dé ilé ìtọ̀ bí èèyàn bá tiẹ̀ dùbúlẹ̀. Ó wọ ògiri ilé ìtọ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, nítorí náà bí ilé ìtọ̀ bá ṣe ń kún, bẹ́ẹ̀ ló ń tẹ ẹnu rẹ̀ pa, tí ìtọ̀ ò fi ní padà sókè.

Ìgbẹ̀yìn ni mo kán hydrogen peroxide 3% sí ìlàjì kan, ó sì hó. Ẹ́ńsáìmù catalase ló ń tú u. Kò yẹ kó ṣáájú, nítorí ìfófòó á bo gbogbo àwọ̀. Ẹ fi omi ṣàn án kúrò lára irinṣẹ́ pátápátá kí ẹ tó rì wọ́n sínú bleach, nítorí àwọn méjèèjì máa ń bá ara wọn jà.