Bí Mo Ṣe Ya Arójìjí, Ẹja Tí A Kì Í Fi Àwọ̀n Mú

Màmá ẹlẹ́ja kan ní Ọjà Ọba ló kọ́kọ́ fi iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Mo na fóònù sí wọn, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi wo ẹja tí mo yà. Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n gba fóònù, wọ́n wò ó títí.

"Ọmọ mi, ẹja wo lèyí?"

Mo ní òjìjí ni, ẹja tó ń gbé iná. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ké sí ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: "Ẹ wá wo òjìjí tó nípẹ́ lára o!"

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo ti fi ya ẹja náà. Mo fún un ní ìpẹ́ tó ń dán bí wúrà, mo fi lẹbẹ gàgàrà sí i lẹ́yìn bí ogbe àkùkọ, mo fún un ní ìyẹ́ apá méjì, mo tún wá dé e ládé. Lójú tèmi, mo ti ṣe bẹbẹ. Àṣé òjìjí kì í nípẹ́. Kò tilẹ̀ ní lẹbẹ ní gbàgede ẹ̀yìn rárá, àfi ọ̀kan kékeré tó rọ̀ báyìí, tó sún mọ́ ìrù. Mi ò wo ẹja kankan kí n tó yà á.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Òkè-Fìà ló gbé iṣẹ́ náà fún mi. Ó ń ṣe géèmù kékeré kan fún fóònù. Òun ń kọ kóòdù, èmi ń yàwòrán. Ọmọdé kan ló ń rìn létí odò nínú géèmù náà, tó ń pàdé oríṣiríṣi ẹ̀dá. Ọ̀rẹ́ mi ní òun fẹ́ ọ̀kan tó jẹ́ ti Òṣogbo pọ́ńbélé. "Ṣá má ya Pikachu tó dé fìlà gọbi fún mi." Pikachu ni ẹ̀dá tó lókìkí jù nínú Pokémon, géèmù àwọn ará Jàpáànù. Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ibi tí mo ti wá rí ọ̀nà àbáyọ, Jàpáànù náà ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló jókòó tì mí lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín lọ́jà, ó ń gbá Pokémon. Mo rí i tí ẹja rìbìtì kan jáde, aláwọ̀ búlúù, onírunmú gígùn bíi ti ẹja àrọ̀. Mo bi í pé kí ni yẹn. Ó ní Whiscash ni, pé omi àti ilẹ̀ ni agbára rẹ̀. Mo ní, ẹja ni, kí ló kan ẹja kan ilẹ̀? Ó wò mí bí ẹni wo aláìmọ̀kan, ó ní, "Bọ̀dá mi, ó máa ń mi ilẹ̀ ni."

Mi ò tètè sùn lóru yẹn. Inú Pokémon Ruby àti Sapphire ni Whiscash ti kọ́kọ́ yọjú, ìyẹn ní Jàpáànù lọ́dún 2002. Namazun ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, láti ara namazu, orúkọ tí wọ́n ń pe ẹja tó bá àrọ̀ tiwa tan. Àwọn àgbà wọn láyé àtijọ́ gbà pé namazu ńlá kan wà lábẹ́ ilẹ̀, pé òun ló ń fa ìmìtìtì ilẹ̀ tó bá ti ju ìrù. Òrìṣà Kashima ló ń ṣọ́ ọ, òkúta ńlá kan ló sì fi tẹ̀ ẹ́ lórí mọ́lẹ̀. Òkúta ọ̀hún wà ní ojúbọ Kashima títí dòní. Orí rẹ̀ nìkan ló yọ sókè, wọ́n ní ìyókù rì wọlẹ̀ lọ jìnnà. Ìtàn tún sọ pé ìjòyè ńlá kan ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n gbẹ́ ẹ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, wọn ò kan ìdí rẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti ọdún 1855. Ilẹ̀ mì tìtì ní Edo, ìlú tí a mọ̀ sí Tokyo lónìí, ó sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Oṣù kẹwàá nínú kàlẹ́ńdà wọn àtijọ́ ló bọ́ sí, oṣù tí wọ́n gbà pé gbogbo òrìṣà máa ń kúrò nílé lọ sí ìpàdé ní Izumo. Ìyẹn ni pé ẹ̀ṣọ́ ò sí nílé! Kò pẹ́ rárá tí àwọn ayàwòrán ìlú fi gbé àwòrán namazu jáde lóríṣiríṣi. Wọ́n ya ibi tí àwọn èèyàn ti ń lù ú. Wọ́n tún ya ibi tí àwọn káfíńtà ti ń bá a ṣe fàájì, torí ilé tó wó ló fún wọn níṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín síyẹn. Àwọn bíríkìlà tiwa náà mọ irú àdúrà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wá ka nípa ẹja gan-an, mo rí i pé wọn ò kàn fi ẹnu lásán dárúkọ ẹja yẹn. Ẹja onírunmú a máa sùn sínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ odò, awọ ara rẹ̀ sì lè gbọ́ iná mànàmáná tó kéré gan-an nínú omi. Àwọn ará Jàpáànù ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kì í fara balẹ̀ bí ilẹ̀ bá fẹ́ mì, débi pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì níbẹ̀, Hatai àti Abe, fi ẹja náà ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1932. Àwọn tó ṣe géèmù kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: ohun tí Sapphire sọ nípa Whiscash ni pé ó lè mọ̀ ṣáájú bí ilẹ̀ bá fẹ́ mì ní tòótọ́. Torí pé ó tún jẹ́ ti ilẹ̀, iná mànàmáná ò ràn án, bẹ́ẹ̀ ẹja inú omi ni.

Ohun tó sọ mí jí nìyẹn. Ìtàn wọn gun ara ẹja lórí. Tèmi ò gun nǹkan kan, adé lásán ni mo fi dé e.

Mo padà sọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Màmá ẹlẹ́ja dá mi mọ̀. "Ọkọ òjìjí oníìpẹ́!" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ jọ̀ọ́, òjìjí gidi ni mo wá rà. Wọn ò ní lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Nígbà tí mo padà, wọ́n ti fi ọ̀kan pamọ́ fún mi, òkú rẹ̀, ó gùn tó láti ọrùn ọwọ́ mi dé ìgúnpá. Wọ́n ní ẹni tó bá ti fọwọ́ kan òòyẹ̀ rẹ̀ rí ò tún ní bi ẹnikẹ́ni bó ṣe ń rí. Wọ́n ní ọkọ àwọn, apẹja, kì í fọwọ́ kan àwọ̀n tútù lóru tí wọ́n bá ti fura pé òjìjí wà nínú rẹ̀.

Mo gbé e sórí tírè nílé, mo fi wákàtí méjì yà á pẹ̀lú pẹ́ńsù. Màmá mi ní kí n yára, àwọn fẹ́ sè é. Ara rẹ̀ ki pọ́pọ́, ó rí rọ́bọ́rọ́bọ́ bí ọmọ tó jẹun yó. Ètè rẹ̀ nípọn. Irunmú mẹ́fà ló ní. Ojú rẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́. Àwọ̀ eérú ni, pẹ̀lú àmì dúdú dúdú tí kò sí èyí tó jọ ìkejì. Abẹ́ awọ yẹn gan-an ni iná wà: ẹran ara ló yí padà tó di ohun tó ń gbé iná jáde, ó sì yí gbogbo ara rẹ̀ ká bí ẹ̀wù. Èyí tó bá dàgbà lè gbé tó volt 350 jáde. Tinú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé wa, lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú iná wá, ò ju nǹkan bí 230 lọ. Iná òjìjí kì í pẹ́ rárá, ìdí nìyẹn tí kì í fi í sábà pa èèyàn. Òru ló fi ń ṣọdẹ. Kì í sáré lé ẹja kékeré, iná ló fi ń mú un dákú.

Àmì dúdú yẹn ni mi ò lè gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ó jọ àdìrẹ oníko tí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ dì tí kò dọ́gba. Ibẹ̀ ni ìtàn ìlú wa ti wọlé wá fúnra rẹ̀. Ta ni a bí ní Òṣogbo tí kò gbọ́ ọ rí, bí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ṣe tẹ̀dó sétí odò, tí wọ́n gé igi, tí igi wó sínú omi, tí ohùn kan sì ké láti ìsàlẹ̀ pé, "Oṣó inú igbó, ẹ ti fọ́ ìkòkò aró mi"? Ìkòkò aró Ọ̀ṣun fọ́ sínú odò. Mo wá bi ara mi pé, aró yẹn ńkọ́, ta ló ta sí lára? Ẹja tó ń sùn sínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, tí kì í sá fún nǹkan kan, òun náà ló máa ta sí. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá: Arójìjí. Ìtàn ti aró tó ta sí i lára, èmi ni mo rò ó. Ẹ má lọ rò pé mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà.

Yíyà rẹ̀ ò le mọ́. Mo lo ìwọ̀n àwòrán géèmù Ruby àtijọ́, dọ́ọ̀tì 64 ní ìbú, 64 ní òró, àwọ̀ 15 péré. Ní ìwọ̀n yẹn, ìpẹ́ àti adé á kàn di ìdọ̀tí lójú ni. Àwọ̀ eérú méjì, aró mẹ́ta láti orí èyí tó ṣí dé dúdú, ètè tó nípọn, irunmú mẹ́fà. Mo fi aró tó dúdú jù sí ẹ̀yìn, mo jẹ́ kó máa ṣí lọ síkùn, bí aṣọ tí wọn ò rì dáadáa.

Wàhálà tó kù ni bí ọmọ inú géèmù á ṣe mú un. Ọ̀rẹ́ mi ti kọ kóòdù àwọ̀n: o ju àwọ̀n, o mú ẹ̀dá, ó parí. Mo ń ṣàlàyé fún un lórí fóònù nígbà tí màmá mi dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu láti kíṣìnì. Alhaja ni màmá mi o, wọn kì í bá wọn lọ sódò fún ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní, "Ẹ ò gbọdọ̀ fi àwọ̀n mú ẹja Ọ̀ṣun, ìbáà ṣe inú fóònù." Mo ní Alhaja, géèmù ni. Wọ́n ní àwọn ti sọ tàwọn.

Òótọ́ sì ni. Wọn kì í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun, igbó hẹ́kítà 75 tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Ọ̀rọ̀ màmá mi ló sì rán mi létí ohun tó ti wà lẹ́nu wa láti kékeré, orúkọ oyè ọba wa: Àtáọ́jà, a-tẹ́wọ́-gba-ẹja. Ẹja ló yọ sí ọba lójú omi, ọba tẹ́wọ́, ó gbà. (Ní Íjíbítì, nǹkan bí ọdún 5,000 sẹ́yìn, ọba kan wà tó ń jẹ́ Narmer, àwòrán ẹja onírunmú wà lára ohun tí wọ́n fi ń kọ orúkọ rẹ̀. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi, ó ní kí n gbájú mọ́ iṣẹ́.)

A yọ àwọ̀n kúrò. Bí Arójìjí bá yọjú, o kò ní tẹ ohunkóhun. O máa fi ìka méjì lé ojú fóònù, wàá sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún láìmira. Bí o bá sún ìka pẹ́rẹ́, yóò gbé iná sí ọ: fóònù á gbọ̀n rìrì, ẹja á sì wọ ẹrẹ̀ lọ.

Mo gbé e fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó tẹ̀ ẹ́, fóònù gbọ̀n. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ju fóònù sórí tìmùtìmù, ó ní géèmù náà ti bàjẹ́. Mi ò fèsì. Nígbà tó yá, ó gbé e, ó fi ìka méjì lé e, ó tilẹ̀ séémí. Ẹja rìn wá díẹ̀díẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ ìka rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ṣé èmi ni mo mú un ni, àbí òun ló wá?"

Mo mú un lọ han màmá ẹlẹ́ja lọ́jọ́ ọjà. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n sún fóònù mọ́jú, wọ́n sún un jìnnà, wọ́n ka irunmú rẹ̀, ó pé mẹ́fà. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ṣì tóbi jù. Dọ́ọ̀tì mẹ́rin ni tẹ́lẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ ọ́ di méjì.